Ìwé wo ni kí n fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú, tó sì ń bínú sí òkú?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn la wà, ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 15. Bàbá ẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ọjọ́ ìsìnkú la rí obìnrin kan tó fa ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ wọlé, ọmọ náà jọ ọkọ mi bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ kalẹ̀. Látọjọ́ yẹn ọmọ mi ò sunkún, kò sì dárúkọ bàbá ẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, kì í gbé ìwé ìtàn sílẹ̀, báyìí fóònù nìkan ló ń tẹ̀. Mo ra ìwé ìwúrí méjì fún un nípa bí èèyàn ṣe ń fara da ọ̀fọ̀, inú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n bá a wá ló ṣì wà. Ẹ bá mi wá ìwé ìtàn kan tó máa bá a sọ̀rọ̀, kó má ṣáà jẹ́ èyí tó máa tún dá kún un."

Àǹtí mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin sí fún un.

Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú láíbìrì súkúù, irú ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun sí mi, àmọ́ ohun kan wà nínú tiyín tí ọ̀pọ̀ òbí kì í jẹ́ kó jáde lẹ́nu wọn. Ọmọ yẹn ń bínú. Ó ń bínú sí ẹni tó ti wọ kàá ilẹ̀, nílẹ̀ wa rèé, a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún un pé bàbá ẹ dáa, bàbá ẹ ṣèèyàn, ó lawọ́, kí lẹ wá fẹ́ kó sọ? Ẹ̀yin gan-an, tó bá lanu pẹ́nrẹ́n láti sọ pé òpùrọ́ ni dádì òun, ẹ ó ní kó panu mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú tiyín náà nìyẹn. Ìdí tí ìwé ìwúrí yẹn fi wà nínú láílọ́ọ̀nù nìyí o. Ẹni tó ń sunkún ni wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún, ọmọ yín ò sì tíì dé bi ẹkún.

Ìwé tí mo fẹ́ kí ẹ wá lọ ni Clap When You Land, Elizabeth Acevedo ló kọ ọ́, ó jáde lọ́dún 2020. New York ni wọ́n bí obìnrin náà sí, àwọn òbí ẹ̀ wá láti Dominican Republic. Tíṣà ni kó tó di òǹkọ̀wé, ó sì hàn nínú iṣẹ́ ẹ̀, ó mọ bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún ṣe ń ronú tí kò bá fẹ́ kí àgbà mọ ohun tó ń rò. Ìwé tó kọ ṣáájú, The Poet X, gba National Book Award ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, ó tún gba Carnegie Medal lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2019. Ẹ̀bùn ò sọ pé ọmọ yín máa fẹ́ràn ẹ̀ ṣá. Mi ò bá tiẹ̀ má dárúkọ ẹ̀bùn kankan, àmọ́ mo mọ̀ pé tí ẹ bá fẹ́ náwó ẹ máa fẹ́ mọ ẹni tí ẹ ń náwó lé lórí.

Ọmọbìnrin méjì ló ń sọ ìtàn náà. Camino ń gbé ní Sosúa, ìlú etí òkun kan ní Dominican Republic, orí erékùṣù kan náà pẹ̀lú Haiti. New York ni Yahaira ń gbé. Ọmọ ọdún 16 làwọn méjèèjì, ọbàkan ni wọ́n, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé ìkejì wà láyé. New York ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, tí ìgbà ooru tiwọn lọ́hùn-ún (summer) bá ti dé lọ́dọọdún á wọ bàálù gba Dominican Republic lọ, àwọn ti New York gbà pé okòwò ló ń lọ ṣe, àwọn ti Sosúa gbà pé iṣẹ́ ajé ló gbé e dúró sí Amẹ́ríkà, bó ṣe ń ṣe é láti ọdún yìí wá nìyẹn. Ó wá di ọdún kan, bàálù tó wọ̀ já sínú òkun. Camino ti wà ní pápákọ̀ òfurufú tó ń dúró de bàbá ẹ̀ nígbà tó rí i tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Yahaira wà ní súkúù, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

Bàálù inú ìwé jẹ́ àròsọ, àmọ́ ibi tí òǹkọ̀wé ti mú un kì í ṣe àròsọ rárá. Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2001, bàálù American Airlines nọ́ńbà 587 gbéra ní New York, ó ń lọ sí Santo Domingo, kò tíì lọ jìnnà tó fi já lé àdúgbò Belle Harbor ní Queens. Àwọn 260 tó wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó yè, ó tún pa èèyàn 5 mọ́ ilé wọn. Ọmọ Dominican ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn apániláyà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bàálù wó ilé gogoro méjì yẹn, World Trade Center, ní New York ní oṣù méjì ṣáájú, gbogbo ayé kọ́kọ́ rò pé àwọn apániláyà náà ló tún dé, bí wọ́n ṣe rí i pé ìjàǹbá lásán ni, oníròyìn gbájú mọ́ ìròyìn mìíràn, wọ́n fi olókùú sílẹ̀ pẹ̀lú òkú ẹ̀. Ọmọdé ni Acevedo nígbà náà, inú ìlú yẹn ló sì wà, àárín àwọn èèyàn ẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá rántí bàálù Dana tó já sí Ìjú-Ìṣàgá lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, èèyàn 153 nínú bàálù, àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ nílé wọn náà bá a lọ, kò nílò kí n ṣàlàyé. Orúkọ ìwé yẹn gan-an, àtẹ́wọ́ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń pa tí bàálù bá balẹ̀ láyọ̀ ló ti wá, àwa náà ṣáà mọ̀ ọ́n, tó bá gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà báyìí, àtẹ́wọ́ á sọ, ẹnì kan lẹ́yìn á sì ti figbe ta "Praise the Lord."

Ohun tó jẹ́ kí n mú ìwé yìí fún yín nínú gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ mi ni Yahaira. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì (chess), ó mọ̀ ọ́n ta débi pé ó gba ife-ẹ̀yẹ. Ní bí ọdún kan ṣáájú ikú bàbá yẹn, ó ń tú ẹrù wò, ó bá rí sátífíkéètì ìgbéyàwó bàbá ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe ìyá ẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pa ṣẹ́ẹ̀sì tì, ó pa ọ̀rọ̀ tì láàárín òun àti bàbá ẹ̀, bàbá ń bi í léèrè pé kí ló ṣe, ó ní kò sí. Bàbá sì kú bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi, ẹ wo ọmọ yín. Mi ò sọ pé òun náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ o, ẹ má lọ bi í ní ìbéèrè yẹn torí tèmi. Ohun tí mò ń sọ ni pé Yahaira fẹ́ràn bàbá ẹ̀ dénú, ó sì ń bínú sí i dénú, lójú ewé kan náà, kò sì sí àgbà kankan nínú ìwé yẹn tó jáde wá sọ fún un pé kó mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Mi ò rí i kí ìwé púpọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ fún ọ̀dọ́ lórí ikú, wọ́n á ti fọ òkú mọ́ tónítóní kí wọ́n tó gbé e síwájú wa, kò ní àléébù, áńgẹ́lì ni. Bàbá inú ìwé yìí, irọ́ ńlá ló pa, ó sì tún jẹ́ bàbá tó dáa. Acevedo ò bá a wẹ̀ ẹ́, kò sì jù ú sílẹ̀.

Ìdí kejì tó ṣe ṣe pàtàkì ni pé ikú nínú ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún nìkan, ọ̀rọ̀ owó náà ni. Owó tí bàbá ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni Camino fi ń lọ súkúù olówó gọbọi, dókítà ló fẹ́ dà. Ìyá ẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ obìnrin tó ń wo aláìsàn tó tún ń gbẹ̀bí ládùúgbò ló ń tọ́ ọ, ewé àti àdúrà sí àwọn Ẹni Mímọ́ ni mọ̀mọ́ náà fi ń ṣiṣẹ́ (ẹ óò gbádùn ẹ̀, ó dà bí ẹni tí mo mọ̀ ní Òkè-Àdó). Bí bàbá ṣe kú báyìí, owó súkúù dá. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní El Cero, iṣẹ́ ẹ̀ ò dáa, ọmọbìnrin ló ń wá fún àwọn àjèjì tó ń wá ṣe fàájì létí òkun, owó tí bàbá ń fún un lábẹ́lẹ̀ ni ò jẹ́ kó dé sàkáání Camino. Owó yẹn náà dá. Ní New York ńkọ́, àwọn oníbàálù ń mú owó gbà-má-bínú wá fún ìyàwó tí wọ́n mọ̀. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ilé olókùú wo nílẹ̀ Yorùbá ni wọn ò ti jà lórí èyí? Ọmọ yín ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ ní pálọ̀ yín, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ò ní ṣàì ti ṣèpàdé, ó máa rí i nínú ìwé yìí pé kì í ṣe ilé tiwọn nìkan.

Ewì ni wọ́n fi kọ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, kì í ṣe ewì tí wọ́n fi ń dá wa lóró ní kíláàsì. Ìlà kéékèèké ni, ojú ewé míì ò ní ju ìlà mẹ́wàá lọ, ìwé yẹn lé ní ojú ewé 400 àmọ́ ó ń yára lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í lè ka ojú ewé tó kún bámú, á ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní mọ ohun tó kà. Èyí fi àyè sílẹ̀ fún un láti mí. Camino ń sọ tiẹ̀ ní ìlà mẹ́ta-mẹ́ta, Yahaira ní méjì-méjì, tó bá pẹ́ díẹ̀ ẹ ò ní wo orúkọ mọ́ kí ẹ tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a gbọ́ rárà dàgbà, tí a gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń fi ohùn arò ki òkú, etí wa ti mọ irú nǹkan báyìí kí òyìnbó tó kọ́ wa ní ìwé kíkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó lè bí yín nínú, kó má di pé ẹ ó pè mí láàárín òru. Èdè Spéènì wà káàkiri inú ẹ̀, wọn ò sì túmọ̀ ẹ̀, ẹ kàn máa lọ, ìtàn á gbé yín kọjá. Ọkùnrin kan fọwọ́ kan Yahaira lọ́nà àìtọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, El Cero náà ń dẹ́rù ba Camino, apá kan sì wà lápá ìparí tó le, ọmọ tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ dá kà á. Yahaira tún ní ọ̀rẹ́ tó ń fẹ́, obìnrin bíi tiẹ̀ ni, Dre lorúkọ ẹ̀, ilé wọn kangun síra, Dre yìí ló dúró tì í jù nígbà ọ̀fọ̀. Mo mọ̀ pé ìyá míì máa ti ìwé pa níbẹ̀. Ilé yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é, àmọ́ ẹ mọ̀ kó tó délé, ó sàn ju kí ọmọ máa fi pamọ́ fún yín lọ. Tèmi ni pé nǹkan tí ọmọ ọdún 15 ń rí lórí fóònù lọ́jọ́ kan ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí lọ.

Bí ẹ ṣe máa rí i: ní Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Booksellers ní Jẹ́ríkò, tí kò bá sí nílẹ̀ ẹ ní kí wọ́n bá yín béèrè. Roving Heights máa ń fi ìwé ránṣẹ́ láti Èkó, ẹ lè kàn sí wọn lórí fóònù kó tó di pé ẹ ń wọkọ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń bọ̀ láti London tàbí Amẹ́ríkà, ẹyọ ìwé kan ò wúwo nínú báàgì, kò dà bíi ti Bournvita tí ẹ máa ń ní kí wọ́n gbé. Èyí tó wà lórí Kindle náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, PDF olè tó ń káàkiri orí Telegram yẹn, ẹ má gbà á, yàtọ̀ sí pé ó ń jẹ òǹkọ̀wé níyà, wọ́n máa ń ba bí wọ́n ṣe to ìlà ewì jẹ́, tí ìlà bá sì ti dàrú, ìwé yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò fẹ́ rí ìwé rárá, ẹ wá èyí tí wọ́n kà sínú ohùn, Acevedo fúnra ẹ̀ ló ka ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjèèjì, Melania-Luisa Marte ka ìkejì. Ó lè fi íápíìsì gbọ́ ọ lórí fóònù tí ẹ ní kò gbé sílẹ̀ yẹn.

Bí ẹ ṣe máa fún un ló gba ọgbọ́n. Ẹ má sọ pé "mo ra ìwé fún ẹ nípa ọmọ tí bàbá ẹ̀ kú." Á lọ bá àwọn méjì yẹn nínú láílọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà á, lójú ẹ̀, ní pálọ̀, kí ẹ sì máa dá sí i sókè, "háà, ọkùnrin yìí mà ń gbé ilé méjì," kí ẹ tún dákẹ́. Tó bá béèrè, ẹ sọ fún un. Tí kò bá béèrè, ẹ parí ẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà tó bá ti kà díẹ̀, ẹ dá a lábàá pé kí ẹ jọ máa kà á sókè lálẹ́, kí iná tó lọ, òun á gba ohùn ọmọ kan, ẹ̀yin á gba ti ìkejì, bí ìwé yẹn ṣe rí nìyẹn, ohùn méjì. Kí òun gba Yahaira, ọmọ ìyá tí ọkọ ń bá gbé. Kí ẹ̀yin gba Camino.

Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀ yín o. Camino ni ọmọ ilé kejì, òun ni ọmọ obìnrin tó wọlé lọ́jọ́ ìsìnkú, tí a bá fi wé tiyín. Ẹ ó máa fi ẹnu ara yín sọ ohun tí ọmọ yẹn ń sọ, pé òun náà sunkún bàbá òun, pé òun ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bí òun sínú irọ́. Ó ṣeé ṣe kó há yín lọ́fun. Ẹ lè dúró, ẹ lè sọ pé ó tó fún tòní. Ọmọ yín á máa wò yín, á gbọ́ tí ìyá òun ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ gba ẹnu ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣeé sọ nílé wa. Ìmọ̀ràn tí mo ní tí kò sí nínú ìwé ìwúrí kankan nìyẹn.

Tí ẹ bá ń kà á, ẹ má bi í ní "kí ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí?" Ẹ gbà mí o. Wáẹ́ẹ̀kì ti fi ìbéèrè yẹn pa ìwé kíkà fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ bi í ní nǹkan, ẹ bi í pé tó bá jẹ́ òun ni Yahaira, ṣé á sọ fún ìyá ẹ̀ nípa sátífíkéètì yẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹ má sì sọ bó ṣe parí fún un, tí ẹ bá ti kà á ṣáájú.

Ẹ ní kó má jẹ́ èyí tó máa dá kún un. Ó lè sunkún. Ó tiẹ̀ lè pariwo mọ́ yín lójú ewé tí ẹ ò rò. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, ọdún kan ló ti ń dì í mọ́ra. Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣọ́ yàtọ̀ síyẹn: tí kò bá jẹun mọ́, tí oorun ẹ̀ bá ti dàrú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá ń sọ pé òun náà ì bá ti kú, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ kí ẹ mú un lọ rí dókítà, UCH ò jìnnà sí yín, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ọkàn. Ìwé ò lè gba ipò yẹn, kò sì yẹ kí a dì í lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ló kù. Ẹ ò béèrè tààrà àmọ́ mo gbọ́ ọ nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ ń bẹ̀rù pé ìwé yìí máa jẹ́ kí ọmọ yín lọ wá a. Ó lè ṣẹlẹ̀. Kí ẹ máa mọ̀ ni pé tí wọ́n bá jọ wà lórí Instagram, ó ti wo fọ́tò ọmọ náà, mo lè fi nǹkan búra. Ìwé ò ní bẹ̀rẹ̀ ohun tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kó bá yín sọ ọ́ kó tó lọ, dípò kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹbí ọkọ yín.

Tí ẹ bá parí ẹ̀, tó bá ní òun fẹ́ sí i, ẹ fún un ní The Poet X, ìyẹn dá lórí ìjà ìyá àti ọmọ lórí ọ̀rọ̀ ìjọ, ẹ múra sílẹ̀. A Monster Calls ti Patrick Ness náà dáa gan-an, ọdún 2011 ló jáde, àmọ́ ìyá tó ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti àìsàn bàbá ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò ní fún un nírú ìyẹn lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kó di èyí tó ń bọ̀.